Omi Tí Ilẹ̀ Mu ní Ofin

Ní ọdún tí ọ̀dá mú wa jù, obìnrin aláró kan ní Ofin fi ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí omi tí ẹnikẹ́ni kò mu. Òun kọ́ ló mu ún. Aró kò gbà á, ewúrẹ́ kò fẹnu kàn án. Ilẹ̀ ló mu ún. Èmi ni mo sì fi ẹfun fa ìlà sára ògiri obìnrin náà pé òun ló mu ún, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ògiri náà fi funfun.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Iṣẹ́ aṣàmì omi ni mo ṣe ní àdúgbò Ofin, ní Ṣàgámù, láti ìgbà ọmọge mi títí di ìgbà tí ọrùn mi kò gba òṣùká mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Ìyá, iṣẹ́ wo ló dára?" Mi ò mọ èyí tó dára. Èyí tí mo ṣe nìkan ni mo lè sọ.

Ẹ rántí pé Ṣàgámù kò hù níbi tó wà bí igi. Ogun ló kó wa jọ síbẹ̀. Ìlú kan dé pẹ̀lú ọba rẹ̀, òmíràn dé pẹ̀lú tirẹ̀, a há ara wa mọ́ orí ilẹ̀ kan náà kí ọ̀tá má baà rí wa mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú wa àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni odò wà. Bí ìyá mi bá ń ro ọbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tí a dé ibí, omi di ìrìn. Odò Ìbú wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa wà lókè, ẹsẹ̀ ni ó sì wà láàárín.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní ẹsẹ̀ náà. Àwọn arúgbó kò ní in. Àwọn aláró àti àwọn olóbì nílò omi ju èyí tí ọmọ ilé wọn lè pọn lọ. Báyìí ni àwọn obìnrin kan ṣe di apọnmi. Láfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ìkùukùu ṣì dùbúlẹ̀ lórí odò bí ẹni tí kò fẹ́ jí, a ó ti sọ̀ kalẹ̀, a ó ti gòkè. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àmù ńlá kan tí a ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Àwọn apọnmi á pọnmi kún un dé ọrùn ní àràárọ̀. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dà sí i, aṣàmì á fi ẹfun fa ìlà kan sára ògiri lókè àmù náà. Tó bá di ọjọ́ ọjà ọrún, a ó ka ìlà, onílé á sanwó, a ó fi aṣọ tútù pa ìlà rẹ́, ògiri á tún mọ́. Owó iṣẹ́ náà kò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀, ebi kò sì pa wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ti owó sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fun ló kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a máa funfun tọ̀sán tòru. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ru omi kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹfun.

"Ọwọ́ tí kò ru omi rí," ó ní, "kò gbọdọ̀ ka omi."

Nígbà tí mo parí ọdún méjì, mo rò pé ìlà fífà ni yóò kàn. Ó mú mi lọ sí ilé kan, ó ní kí n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, kí n fi etí lélẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ìyá."

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Ó lọ jẹun, ó padà dé.

"Kí lo gbọ́ báyìí?"

"Ọkàn mi ni mo ń gbọ́."

"Ó dára. Jẹ́ kí òun náà dákẹ́."

Oṣù mélòó kan ni mo fi ń dùbúlẹ̀ káàkiri Ofin bí ẹni tí oorun ń dà láàmú. Àwọn ènìyàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Odùbọ́lá, ṣé ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa ni?" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nílé ìyá àgbà kan tí àmù rẹ̀ ti gbó, mo gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní yàrá kejì, tí o kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Omi ni. Ó ń kúrò ní ilé, kò sì ṣe ariwo. Títí di òní, bí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ.

Ìdí tí a fi ń fetí sílẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní omi ilẹ̀. Bí àmù ilé kan bá sán tó sì ń jò, ìlà ara ògiri á máa pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílé kò mu ju bó ti ń mu tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣà wa ni pé kí aṣàmì wo iye tí ilé náà máa ń mu ní ọrún-ọrún, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wà lára ògiri, kí ó sì pa ìdajì èyí tó lé rẹ́. Onílé á san ìdajì kejì. Ẹni tó pọn omi náà ti làágùn, ẹni tí wọ́n pọn ọ́n fún kò sì rí i mu. Wọ́n á jọ gbé e. Ṣùgbọ́n onílé gbọ́dọ̀ ra àmù tuntun kí ọjà ọrún mìíràn tó pé.

Kí a lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àyẹ̀wò méjì ni à ń ṣe. Etí ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni eérú. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ, nígbà tí obìnrin ilé bá ti dáná tán, tí àmù ti di ìdajì, kí a má baà fi omi púpọ̀ ṣòfò nítorí ìdánwò. A ó po eérú, a ó fi ìka fa ìlà yí inú àmù po níbi tí omi dé, a ó fi ewé kókò bo ẹnu rẹ̀, a ó dì í. Láàárọ̀ a ó tú u. Bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà eérú, àmù ń jò. Bí ó bá wà lójú ìlà, onílé ń purọ́.

Wọ́n sì máa ń purọ́ lóòótọ́. Bàbá kan wà tí a ń pè ní Bàbá Ọlọ́pẹ, adẹ́mu tí irọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀ bí ẹmu. Ó fi irin lu àmù ara rẹ̀ kí a lè pa ìlà rẹ́ fún un. Ìyá Ẹlẹ́fun wo ihò náà, ó fi ìka kan án.

"Bàbá Ọlọ́pẹ, òwúrọ̀ yìí ni àmù yìí fọ́."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àmù ni. Ojú ibi tó fọ́ ṣì pupa bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Bàbá náà yí ohùn padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ẹlẹ́fun, ẹ bò mí láṣìírí."

"Mo ti bò ọ́. Ìlà rẹ ṣì wà lára ògiri."

A rẹ́rìn-ín títí a fi dé odò. Ọjọ́ náà ni mo kọ́ bí a ti ń lajú sí iṣẹ́. Ọjọ́ kan náà ni mo kọ́ ìfura, òun ló sì pa mí lára nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́fun dágbére fún ayé, ẹfun bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dé. Odò Ìbú fà sẹ́yìn débi pé àwọn òkúta tí a kò mọ̀ rí yọrí jáde. Ìyá Aláró wá bá mi nígbà náà. Opó ni. Òun àti Àyọ̀ká, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n ti tọrọ Àyọ̀ká, ọjọ́ ìgbéyàwó ló kù.

"Odùbọ́lá, ọmọ mi," ó ní, "àmù mi ń jò."

Mo lọ ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi etí lélẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Mo fa ìlà eérú, mo bò ó. Nígbà tí mo tú ewé ní òwúrọ̀, omi wà lójú ìlà geere.

"Ìyá, àmù yín kò jò."

"Ta ló wá ń mu omi náà?"

"Aró yín ni."

"Aró tèmi?" Ó pàtẹ́wọ́. "Ta ló ń ra aṣọ aró lọ́dún tí wọ́n ń se àgbàdo irúgbìn jẹ? Alángbá ló ń sùn nínú ìkòkò aró mi. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Lọ wò ó."

Mi ò lọ wò ó. Mo rántí Bàbá Ọlọ́pẹ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọlọ́gbọ́n, mo sì fa ìlà òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni ẹ̀yìnkùlé náà.

Ilé tí kò bá san owó ọrún méjì, a kì í pọnmi fún un mọ́. Nínú ọ̀dá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá Aláró lọ bá Bàbá Sùmọ́nù, olóbì ńlá kan ní Mákun, àdúgbò kejì sí tiwa, ó yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi Àyọ̀ká ṣe ìwọ̀fà: ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ obì fún un títí ìyá rẹ̀ yóò fi san owó náà pé. Àwọn tó tọrọ Àyọ̀ká ránṣẹ́ pé àwọn yóò dúró di ìgbà òjò, àwọn kò ní lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Aláró san owó omi. Mo pa ìlà rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, ògiri ilé náà wó. Obìnrin tó ń gbé nílé kejì rí i. Ó ní, "Kò ṣubú. Ó jókòó ni, bí àgbàlagbà tí ó ti rẹ̀." Ìyá Aláró wà lóde, kò fara pa. Nígbà tí mo dé, ìdí ògiri náà rọ̀ bí ògì. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, tẹ̀tẹ̀ ti hù, ó tutù yọ̀yọ̀, nínú ọ̀dá tí ewéko gbogbo ti di eérú. Ìkòkò aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alángbá sá jáde nínú rẹ̀.

Mo hú àmù náà jáde. Ìdí rẹ̀ gbó, ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Ọrùn ló ti sán, ní apá tó kọjú sí ògiri, ìlà kan tí kò nípọn ju òwú lọ. Mo jókòó sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì là sí mi. Ní àràárọ̀, a ń pọnmi kún un dé ọrùn. Omi á máa gba ojú sísán náà wọ inú ògiri títí yóò fi lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, á sì dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá di ìdajì, èmi á dé pẹ̀lú etí àti eérú, n óò dán apá tó dára wò. Láti ayé Ìyá Ẹlẹ́fun ni a ti ń dán ìdajì àmù wò, tí a ń pè é ní àmù.

Àwọn aládùúgbò ń rẹ Ìyá Aláró lẹ́kún. "Ìyá, ẹ mọ́kàn le. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ó gbójú sókè wò wọ́n. "Tèmi yìí, àmù ló fọ́," ó ní. "Ọmọ mi ló dànù."

Mo lọ bá àwọn Pàǹpá, àwọn àgbà tó ń ṣe àkóso ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Obìnrin yìí sọ fún mi, mo pè é ní òpùrọ́."

Ṣíkẹ́, ẹni tó ṣáájú àwọn apọnmi, fò dìde. "Owó tí a ti pín, a ti jẹ ẹ́. Ṣé kí a pọ̀ ọ́ ni?"

Olórí Pàǹpá ní, "Ta ló ní kí o pọ̀ ọ́? Owó kò sí, ṣùgbọ́n odò kò tíì gbẹ tán. Ẹ fi omi san omi fún un. Kì í sì í ṣe ìdajì. Ẹni tó wá sọ, tí ẹ kò gbọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ ó dá padà."

Gbogbo ènìyàn ní ó tọ́. Àfi Ìyá Aláró.

"Kí ni n ó fi omi ṣe?" ó ní. "Inú kí ni n ó dà á sí? Ọmọ mi ni mo fẹ́."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo ẹfun lábẹ́ èékánná mi. Níbẹ̀ ni mo ti rántí ògiri Bàbá Sùmọ́nù. Kò sí ilé tí ìlà pọ̀ lára ògiri rẹ̀ tó ti olóbì. Wọ́n á rẹ obì sínú omi kí awọ rẹ̀ lè bó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un fọ̀, kí wọ́n tó fi ewé gbòdògì dì í sínú agbọ̀n. Ìkórè sì ti dé.

Mo lọ bá a ní Mákun. Ọkùnrin tó sanra ni, ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí omi tí a jẹ Ìyá Aláró máa bọ́ sínú àmù tirẹ̀, kí ó má san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi tó owó tó yá a, kí ó sì jẹ́ kí Àyọ̀ká máa lọ.

"Aṣàmì," ó ní, "ṣé omi lè di owó?"

"Bàbá, láti ọdún yìí wá ni owó yín ti ń di omi. Ẹ kàn jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí inú rẹ̀ fi ń mì. "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan kò ní kù nílẹ̀ kí ọmọ náà tó lọ. Àmù mi dé ọrùn ni o! Mo ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀yin àti ìdajì."

Àwọn apọnmi ru tiwọn, ìkòkò mẹ́ta mẹ́ta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni wọ́n fetí lélẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni mo ru ìyókù. Láti ìkórè obì títí òjò àkọ́kọ́ fi ṣú, bí mo bá ti ru ti Ofin tán, n óò tún sọ̀ kalẹ̀, n óò gba ọ̀nà Mákun. Ọrùn mi kò tíì gbàgbé.

Àyọ̀ká máa ń wà nídìí obì, ọwọ́ rẹ̀ nínú omi dé ìgúnpá. Kò kí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ògiri láti fa ìlà, ó dìde, ó gba ẹfun lọ́wọ́ mi.

"Èmi ni n ó máa fà á," ó ní. Ó sì jókòó padà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń fà á. N óò da omi, yóò wo inú àmù, yóò fi ìka yí ọrùn rẹ̀ po láti mọ̀ bóyá ó sán, kí ó tó fa ìlà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó bi í léèrè ohun tó rántí nípa ìgbà náà. Mo rò pé yóò sọ ìyà. Ó ní: "Ìró omi tí ẹ ń dà ni. Mo máa ń dijú. Bí ó bá ti ń kún, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà, mo máa ń rò pé ilé wa ni mo wà, pé Ìyá mi ló ń pè mí."

Lọ́jọ́ tó pé, ó fa ìlà ìkẹyìn. Ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ tútù pa á rẹ́. "Ó tán," ó ní. Kò dúpẹ́. Ó mú òṣùká lórí mi, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó gbé ìkòkò òfìfo náà lé e, ó sì rìn níwájú mi lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ofin.

Àwọn àna kò dúró. Wọ́n ti gbé ìyàwó mìíràn. Kò sí ìlà tí mo lè pa rẹ́ fún un nítorí ìyẹn. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ará Ìsarà kan, ó bímọ. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ó ti wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan létí odò, pẹ̀lú òṣùká. "Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà," ó ní. Mo ní ọdún méjì ni yóò fi ru omi. Ó ní, "Mo mọ̀."

Iṣẹ́ náà ti yí padà lójú mi. Àgbá onígi dé láti Èkó. Bí ó bá gbẹ, ó ń jò. Bí ó bá mu omi yó, ó ń wú, ó sì dákẹ́, a sì ní láti tún etí kọ́. Garawa dé, tí kì í sán, ṣùgbọ́n tí ìpẹtà ń lu ihò sí. Àwọn kan ti ń fi páànù bolé, wọ́n ń gbe omi òjò, wọn kò sì mọ̀ wá mọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ ilé ìwé kan wá fi ìwé àti pẹ́ńsùlù hàn mí, ó ní èyí kì í parẹ́ bí ẹfun. Mo bi í pé, "Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣe àṣìṣe ńkọ́?" Ó ká ìwé náà, ó fi pẹ́ńsùlù há etí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ tí a fi ń ka nǹkan ẹlòmíràn dára, bí ẹ bá lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá dé ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọjà ọrún tó kọjá, àwọn Pàǹpá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹfun. Wọ́n ní Àyọ̀ká ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní láti ìgbà yìí lọ, àmù àti àgbá gbogbo ní Ofin ni a ó pọnmi kún dé ọrùn, tí a ó sì ṣọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí a tó pe onílé kankan ní òpùrọ́. Omi tí ilẹ̀ bá sì mu, bí onílé bá ti wá sọ, gbogbo rẹ̀ ni a ó pa rẹ́. Olórí wọn bi Àyọ̀ká pé ilé ta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ilé Ìyá Aṣàmì," ó ní, ó sì nawọ́ sí mi.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Olórí ní bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí, ní ọjà ọrún tó ń bọ̀, kí oòrùn tó yọ.

Mo ti hú àmù mi kúrò lára ògiri, kí ìka Àyọ̀ká lè yí ọrùn rẹ̀ po.